Akẹtẹ̀ Oòrùn fún Bàbá àti Màmá Àgbà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ṣé fìlà tí bàbá ń dé lọ sóde kò tó fún oòrùn ni?

Kò tó. Abetí ajá, gọ̀bì, ìkòrì, gbogbo wọn ń bo àtàrí, wọ́n sì wúlò fún orí tó ti pá. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ní etí tó yọ síta láti ṣíji bo ojú, etí àti ẹ̀yìn ọrùn. Abetí ajá tí wọ́n sọ etí rẹ̀ kalẹ̀ á bo etí lóòótọ́, àmọ́ ooru á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹni tó dé e. Fìlà aṣọ òkè tún nípọn, òógùn inú rẹ̀ kì í ríbi gbà jáde.

Ẹ fi fìlà sílẹ̀ fún òde, kí ẹ wá akẹtẹ̀ fún oòrùn. Kì í ṣe akẹtẹ̀ Ẹ̀yọ̀ Èkó là ń wí o. Èyí tí à ń wí ni ti àgbà tó ń jókòó sí ìsọ̀, tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ gba owó ìfẹ̀yìntì ní báńkì, tàbí tó ń ro ewébẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.

Irú akẹtẹ̀ wo ló wà, èwo ló sì yẹ ká rà?

Féèsì-káàpù ń ṣíji bo iwájú orí àti imú nìkan, etí àti ọrùn wà ní gbangba. Èyí tó ní iwájú nìkan, tí àárín orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò ṣe àgbà tí irun orí rẹ̀ ti ń dín kù lóore kankan. Akẹtẹ̀ aṣọ rírọ̀ tí àwọn ọmọ ń pè ní bọ́kẹ́ẹ̀tì sàn díẹ̀, ó sì ṣeé ká sínú báàgì, àmọ́ etí rẹ̀ kì í sábà fẹ̀ tó, ó sì máa ń rọ̀ wálẹ̀ sójú.

Méjì ló yẹ kí ẹ máa wá. Àkọ́kọ́ ni akẹtẹ̀ tí etí rẹ̀ fẹ̀ yí ká. Èkejì ni èyí tó ní etí níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí aṣọ fẹ́lẹ́ wá ń ṣàn bo ọrùn lẹ́yìn. Ẹni tó ń rìn káàkiri, àkọ́kọ́ ló bá a mu. Ẹni tó máa ń fẹ̀yìn ti àga, tàbí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, èkejì ni tirẹ̀. A ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀.

Báwo ni etí akẹtẹ̀ ṣe yẹ kó fẹ̀ tó?

Ínǹṣì 3, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 7.5, yí ká. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, nítorí ọ̀pọ̀ akẹtẹ̀ ló fẹ̀ níwájú tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ìdí rèé. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ àti ní kété kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, oòrùn wa máa ń wà ní agbedeméjì àtàrí àti ilẹ̀. Ní àkókò yẹn, bí etí akẹtẹ̀ bá ṣe fẹ̀ tó náà ni ibòòji rẹ̀ ṣe máa gùn tó sísàlẹ̀. Èyí tó jẹ́ 7.5 á ṣíji láti iwájú orí dé imú. Èyí tó jẹ́ 4 kò ní kọjá ojú. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí, etí kékeré pàápàá á dà bíi pé ó tó. Nítorí náà, ẹ má dán akẹtẹ̀ wò ní ọ̀sán nìkan. Ẹ dé e bọ́ síta ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wo ibi tí ibòòji dúró sí lójú.

Ẹ má jẹ́ kó kọjá ínǹṣì 4. Etí tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ á máa gbé e, á máa kọ́ ara èèyàn lọ́jà, á sì máa gbá ara òkè ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ẹ tún wo bó ṣe le tó: ẹ di iwájú etí rẹ̀ mú ní ọwọ́ kan, kí ẹ mi akẹtẹ̀ náà díẹ̀. Tí etí bá ń jábọ̀ wálẹ̀ sísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe máa bo ojú tí wọ́n bá ń rìn.

Báwo la ṣe ń wọn orí kí akẹtẹ̀ má fún tàbí kó má gbayawu?

Tépù àwọn télọ̀ ni ẹ ó lò. Ẹ jẹ́ kí bàbá tàbí màmá jókòó. Ẹ fi tépù yí orí ká ní ìbú ìka kan sókè irun òkè ojú, kó gba òkè etí méjèèjì kọjá, kó sì gba ibi tó yọ jù ní ìpàkọ́. Kí tépù má fún, kó má sì tú. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ mú èyí tó pọ̀ jù, kí ẹ wá fi sẹ̀ǹtímítà 1 kún un. Tí kò bá sí tépù, ẹ lo okùn, kí ẹ sì fi rúlà wọn okùn náà.

Lọ́pọ̀ ìgbà, S dúró fún 55 sí 56, M fún 57 sí 58, L fún 59 sí 60, XL fún 61 sí 62. Tí orí bá bọ́ sí àárín méjì, ẹ mú èyí tó tóbi. Èyí tó tóbi díẹ̀ ṣeé dín kù: ẹ rán ọ̀já fẹ́lẹ́ mọ́ inú rẹ̀ níwájú. Èyí tó fún kò lóògùn, orí fífọ́ ló máa fà.

Ẹ̀rí pé ó bára mu ni pé ìka kan á wọlé láàárín akẹtẹ̀ àti iwájú orí láìjà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ilé, kí ẹ wá bọ́ ọ. Tí ó bá fi ojú àpá sílẹ̀ lára, ó ti fún jù. Awọ ara àgbà fẹ́lẹ́, ohun tí ọ̀dọ́ kò ní mọ̀ lára máa ń bó wọn.

Koríko, òwú àbí pólíẹ́sítà, èwo ló dára jù?

Òwú tí wọ́n hun pọ̀ dáadáa ni àkọ́kọ́ lójú tiwa. Ó rọ̀, ó ń gba òógùn, ó ṣeé fọ̀, kò sì ń dún létí. Koríko tàbí ìko ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé ju òwú lọ, àmọ́ èyí tí wọ́n hun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò ní iṣẹ́. Ẹ gbé e sókè sí ojú ọ̀run kí ẹ wo inú rẹ̀: tí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ bíi ti asẹ́, ibẹ̀ náà ni oòrùn máa gbà wọlé. Èyí tí wọ́n hun mọ́ra tún gbọ́dọ̀ ní ọ̀já òwú nínú, nítorí koríko lásán máa ń ha iwájú orí.

Pólíẹ́sítà tètè máa ń gbẹ, kì í sì í wúwo. Ó dára tí ó bá ní ojú nẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún atẹ́gùn. Èyí tí wọ́n fi ọ̀rá tàbí fóòmù tẹ́ inú rẹ̀ ni kí ẹ sá fún. Bákan náà ni fẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irun àgùntàn tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ di aṣọ, ti òtútù ni. Akẹtẹ̀ àwọn Fúlàní tí wọ́n fi awọ dé lórí lágbára púpọ̀, ibòòji rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́, ṣùgbọ́n ó le gbagidi, ó sì wúwo fún ọrùn ẹni ọgọ́rin ọdún.

Àwọn tó wà lókè òkun máa ń fi akẹtẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Panama ránṣẹ́ sílé. Akẹtẹ̀ gidi ni: Ecuador ni wọ́n ti ń hun ún, kì í ṣe Panama, láti ara ewé toquilla, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, sì fi iṣẹ́ híhun rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ àjogúnbá aráyé ní 2012. Àléébù rẹ̀ ni pé tí wọ́n bá ń fi ìka pọ́n orí rẹ̀ mú láti bọ́ ọ, ojú ibẹ̀ á là. Àgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n á ṣòro fún láti máa di etí rẹ̀ mú nígbà gbogbo. Òwú tó sún mọ́lé á pẹ́ jù ú lọ.

Kí ni UPF 50 tí wọ́n kọ sára rẹ̀?

UPF ń sọ bí ìtànṣán UV, ìyẹn ìtànṣán inú oòrùn tó ń jó awọ, ṣe ń gba inú aṣọ kọjá. UPF 50 túmọ̀ sí pé ìdá kan nínú 50 ló ń wọlé, ìyẹn 2 nínú 100. Fún ìfiwéra, aṣọ òwú funfun fẹ́lẹ́ tí à ń wọ̀ sábẹ́ kò sábà ju UPF 5 sí 7 lọ, tí ó bá sì tutù, ó tún ń dín kù sí i.

Àmì náà dára, àmọ́ aṣọ nìkan ló ń wọ̀n. Féèsì-káàpù tó ní UPF 50 kò lè dáàbò bo etí tí kò débẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo bí etí akẹtẹ̀ ṣe fẹ̀, kí ẹ tó wo àmì. Tí kò bá sí àmì kankan, ẹ ṣe àyẹ̀wò ojú ọ̀run tí a sọ lókè yẹn, ó máa sọ púpọ̀ fún yín.

Àwọ̀ wo ló dára?

Òde kí ó mọ́lẹ̀: funfun, àwọ̀ iyanrìn, búlúù fẹ́lẹ́, kó má baà gba ooru. Inú etí rẹ̀, ìyẹn apá ìsàlẹ̀ tó kọjú sí ojú, kí ó dúdú tàbí kó jẹ́ búlúù tó kún, nítorí oòrùn tó bá ta láti ilẹ̀ á tún ta padà láti ara àwọ̀ funfun sínú ojú. Àgbà tí ojú ti ń dùn máa mọ ìyàtọ̀ yìí lójú ẹsẹ̀.

Ìwọ̀n wo ni kó má kọjá?

Gíráàmù 150, kó má wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ó bá jẹ́ 100 tàbí kó dín, ó dára jù. Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n ilé ìdáná. Àkẹtẹ̀ tó bá wúwo á fa ọrùn síwájú, ní ìdajì wákàtí, wọ́n á bọ́ ọ sílẹ̀, wọn kò sì ní sọ ìdí fún yín. Ẹ má gbàgbé pé òógùn máa ń mú akẹtẹ̀ òwú wúwo sí i.

Afẹ́fẹ́ ń gbé e. Ṣé ká ra èyí tó ní okùn?

Bẹ́ẹ̀ ni, pàápàá ní etíkun, lóko tàbí nígbà ọyẹ́. Àgbà tó bá ń lé akẹtẹ̀ tí afẹ́fẹ́ gbé ni ó máa ń ṣubú. Ṣùgbọ́n okùn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó máa já fúnra rẹ̀ tí nǹkan bá fà á. Tí okùn yín kò bá já, ẹ gé e láàárín, kí ẹ fi ohun tó ń lẹ̀ mọ́ra tó máa ń dún ṣàà so ó pọ̀. Kí okùn náà jẹ́ òwú pẹlẹbẹ, kì í ṣe rọ́bà rodorodo tó máa ń gé àgbọ̀n.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò kan àgbọ̀n rárá: okùn tàbí rọ́bà tó ń fún akẹtẹ̀ ní ìpàkọ́. Ó tó fún atẹ́gùn lásán. Nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, kí wọ́n bọ́ akẹtẹ̀ gbé lé itan. Lórí ọ̀kadà, àṣíborí ni, kì í ṣe akẹtẹ̀.

Màmá kì í bọ́ gèlè. Báwo ni akẹtẹ̀ ṣe máa jókòó?

Kò ní jókòó lórí gèlè tó le. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi síkáàfù òwú fẹ́lẹ́ dì í pẹlẹbẹ, kí wọ́n so kókó rẹ̀ sí ìpàkọ́ nísàlẹ̀, kì í ṣe sí àtàrí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wọn orí, síkáàfù ṣì wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ lè tó sẹ̀ǹtímítà 2.

Irun dídì náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ṣùkú kó gbogbo irun jọ sí àárín orí, akẹtẹ̀ á gùn ún, á máa mì. Kọ̀lẹ́sẹ̀ tó sún lọ sí ọrùn ni ó bá akẹtẹ̀ mu jù. Irun kíkó tó dúró ṣánṣán nílò akẹtẹ̀ tí orí rẹ̀ jìn tó ínǹṣì 4 àbọ̀ ó kéré tán. Fún bàbá tí kì í fẹ́ kí orí òun ṣí sílẹ̀ níta, fìlà òwú fẹ́lẹ́ lábẹ́ akẹtẹ̀ á tán ọ̀rọ̀ náà, ó sì tún ń gba òógùn.

Wọ́n ń lo awò ojú àti ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀. Kí ni ká ṣọ́?

Ti awò ojú rọrùn. Kí wọ́n wọ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń dán akẹtẹ̀ wò. Tí akẹtẹ̀ bá ń tẹ ẹsẹ̀ awò náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ orí, orí á fọ́ wọn kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ ló gba sùúrù. Èyí tó wà lẹ́yìn etí ní ojú kékeré tó fi ń gbọ́ ohùn. Tí aṣọ akẹtẹ̀ bá bò ó, ohùn á padà sínú ẹ̀rọ, á sì máa súfèé. Àgbà á rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́, á sì pa á. Ẹ wá akẹtẹ̀ tó jókòó sókè etí, tí àlàfo ìka kan wà láàárín. Yàtọ̀ sí èyí, okùn àgbọ̀n tó gba ẹ̀yìn etí kọjá máa ń fa ẹ̀rọ náà jáde nígbà tí wọ́n bá ń bọ́ akẹtẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó kékeré kọ́ ni wọ́n fi ń ra òmíràn. Kí okùn gba iwájú etí, kí wọ́n sì máa tú u ná kí wọ́n tó gbé akẹtẹ̀ kúrò lórí.

Ẹ̀yìn bàbá ti tẹ̀, akẹtẹ̀ sì máa ń já bọ́ sójú wọn. Kí la lè ṣe?

Akẹtẹ̀ ọ̀hún kò ní àbùkù, etí ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń gbá ejìká. Nígbà tí ẹ̀yìn bá tẹ̀, orí á yọ síwájú. Tí wọ́n bá wá fẹ́ wo ọ̀nà, wọ́n á gbé àgbọ̀n sókè, ìpàkọ́ á sì sún mọ́ ẹ̀yìn. Etí tó le lẹ́yìn á wá ta akẹtẹ̀ síwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni àga tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga ṣe máa ń ṣe é, títí kan kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti aláìlera.

Ẹ ra èyí tí etí rẹ̀ kò ju ínǹṣì 2 lọ lẹ́yìn, tàbí èyí tó ní aṣọ rírọ̀ lẹ́yìn dípò etí. Télọ̀ lè ṣe é fún yín: kí ó gé etí ẹ̀yìn kù láti ẹ̀yìn etí kan sí ìkejì, kó ká a, kó wá rán aṣọ òwú tó gùn tó ínǹṣì 6 mọ́ ọn, kó sì ṣẹ́ aṣọ náà díẹ̀ kó lè máa fẹ́. Iwájú kí ó wà bó ṣe wà.

Ṣé akẹtẹ̀ lè mú kí àgbà ṣubú?

Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Èkíní, nígbà tí wọ́n bá ń wọ ọkọ̀: etí akẹtẹ̀ á gbá òkè ilẹ̀kùn, orí á ta sẹ́yìn, ẹsẹ̀ á sì yẹ̀. Kí wọ́n bọ́ ọ kí wọ́n tó tẹ̀ wọlé. Ìkejì, etí tó rọ̀ wálẹ̀ ń mú kí wọ́n máa gbé orí sókè jù láti wo iwájú, òòyì á sì kọ́ wọn.

Ìkẹta ni àwọn èèyàn kì í fiyè sí. Láti inú oòrùn bọ́ sínú yàrá tó ṣókùnkùn, ojú àgbà kì í tètè mọ́ra. Kí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n bọ́ akẹtẹ̀, kí wọ́n di nǹkan mú fún bí ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó máa lọ.

Kí ló dé tí agbòòrùn kò tó?

Ó tó fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ẹni tó di ọ̀pá mú ní ọwọ́ kan tó sì gbé báàgì ní ìkejì, ọwọ́ wo ni yóò fi di agbòòrùn? Ẹ tọ́jú agbòòrùn fún ẹni tó ń tẹ̀lé wọn, kí akẹtẹ̀ wà lórí àgbà.

Ṣé àwa aláwọ̀ dúdú nílò gbogbo eléyìí?

Àwọ̀ dúdú ń dènà púpọ̀ nínú ohun tó ń jó awọ, òótọ́ ni. Kì í dènà ooru, kì í sì í dáàbò bo ẹyinjú. Oòrùn ọ̀pọ̀ ọdún wà lára ohun tó ń fa kí dígí inú ojú di funfun, ó tún wà lára ohun tó ń mú ẹran hù láti ẹ̀gbẹ́ ojú wọ inú ẹyinjú, èyí tó wọ́pọ̀ lára àwọn àgbẹ̀ àti àwọn apẹja. Akẹtẹ̀ tí etí rẹ̀ fẹ̀ lè dín oòrùn tó ń dé ojú kù dé bí ìdajì. Ìdajì tó kù ń ta láti ilẹ̀ àti láti ẹ̀gbẹ́: iyanrìn gbígbẹ ń dá bí 15 nínú 100 ìtànṣán UV padà, ìfófòó òkun ń dá bí 25. Ìyẹn la ṣe ń fi awò oòrùn kún un.

Fún àgbà tó jẹ́ àfín, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ pátápátá. Ohun tó ń dènà oòrùn lára wọn kéré púpọ̀, orí, etí àti ọrùn sì ni àrùn jẹjẹrẹ awọ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Tiwọn gbọ́dọ̀ jẹ́ UPF 50, kó ní aṣọ lọ́rùn, pẹ̀lú aṣọ alápá gígùn àti ìpara oòrùn SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ (SPF ni nọ́ńbà tó ń sọ bí ìpara ṣe ń dènà oòrùn tó). Egbò létí tàbí lójú tí kò bá jiná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara.

Màmá ń bọ̀ wá kí wa ní London. Ṣé wọ́n nílò akẹtẹ̀ níbẹ̀?

Wọ́n nílò rẹ̀ láti March sí October, láàárín aago mọ́kànlá àárọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán. Oòrùn ibẹ̀ kò le tó tiwa. Ní ilẹ̀ wa, UV Index, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ìtànṣán UV ṣe le tó, sábà máa ń kọjá 8 lọ́sàn-án, àwọn dókítà sì ní ká ti máa dáàbò bo ara láti 3. Àmọ́ oòrùn London kì í gun àtàrí; ẹ̀gbẹ́ ló ti ń ta sójú, nítorí náà etí ínǹṣì 3 ni ẹ ó rà, kì í ṣe èyí tó kéré sí i.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á níbẹ̀ tàbí ní Amẹ́ríkà, ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà. Orí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 58 ni Amẹ́ríkà ń pè ní 7¼, tí Bìrìtìkó ń pè ní 7⅛. Ẹ béèrè sẹ̀ǹtímítà, ẹ ó sinmi.

A rí èyí tó dára ní òkìrìkà. Ṣé kò léwu?

Kò léwu tí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ẹ tú ọ̀já inú rẹ̀ síta, kí ẹ wo bóyá ó ti hu funfun, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Ẹ tẹ etí rẹ̀ síwá-sẹ́yìn: tí ó bá ń dún kẹ́kẹ́, páálí ló wà nínú rẹ̀, omi àkọ́kọ́ ló máa bà á jẹ́. Koríko tó ti gbẹ jù á máa já sọ́wọ́. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ti aṣọ kí ó tó dé orí ẹnikẹ́ni.

Oògùn wo ló ń mú kí oòrùn tètè pa àgbà lára?

Hydrochlorothiazide, èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ń mú kí awọ tètè jó, ó sì ń mú ni tọ̀, omi ara á dín kù. Doxycycline àti ciprofloxacin tó ń pa kòkòrò àrùn, àti amiodarone tí wọ́n ń lò fún ọkàn, náà ń mú kí awọ tètè jó nínú oòrùn. Ẹ má dá oògùn kankan dúró fúnra yín. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ hàn apòògùn tàbí dókítà, kí ẹ béèrè èwo ló kan oòrùn.

Báwo la ṣe ń fọ̀ ọ́, tí kò fi ní bàjẹ́?

Ọ̀já inú ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, nítorí iyọ̀ òógùn. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fi aṣọ tútù àti ọṣẹ díẹ̀ nù ún. Òwú ṣeé fọ̀ lọ́wọ́ nínú omi lọ́wọ́ọ́rọ́. Ẹ má fún un. Ẹ dé e mọ́ orí abọ́ tó tó ìwọ̀n orí, kí ẹ tún etí rẹ̀ ṣe, kí ẹ sá a síbi tí atẹ́gùn wà nínú ibòòji. Kẹ́míkà tó ń mú aṣọ funfun á jẹ okùn òwú, ẹ má fi sí i.

Koríko kì í wọ inú omi. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti aṣọ tí wọ́n fi omi ra ti tó. Tí etí rẹ̀ bá ti ká, ẹ gbé e sókè ooru ìkòkò tó ń hó fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ́ ẹ, kí ẹ fi ìwé ńlá lé e mọ́jú. Ní ìgbà òjò, ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú ọ̀rá, á hu funfun; ẹ fi kọ́ ògiri. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ lẹ́yìn dígí ọkọ̀, ooru ibẹ̀ á yọ àtè inú rẹ̀.

Bàbá kọ̀, wọ́n ní àwọn kì í ṣe àgbẹ̀. Kí la lè sọ?

Ẹ má sọ nǹkan kan, ẹ mú wọn lọ sọ́jà. Ká lówó ra fìlà ò tó ká mọ̀ ọ́n dé, ká mọ̀ ọ́n dé ò tó kó yẹni. Akẹtẹ̀ tí ọmọ yàn fún bàbá láìbéèrè ni ó máa ń wà lórí kọ́ńbọ́ọ̀dù. Ẹ fi mẹ́ta tó ti bá ìwọ̀n mu síwájú wọn, kí wọ́n fúnra wọn mú ọ̀kan níwájú dígí. Kó má ní àwòrán tàbí ọ̀rọ̀ ìpolówó lára. Ọ̀pọ̀ bàbá máa gba àwọ̀ búlúù tàbí ti iyanrìn tó bá agbádá tàbí bùbá wọn mu, tí wọn kò ní gba funfun.

Àìgbọràn kọ́ ni gbogbo kíkọ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá ó ń yún wọn, bóyá ó ń fún wọn, tàbí bóyá wọn kò gbọ́ràn dáadáa nínú rẹ̀. Ẹ gbé e kọ́ síbi kan náà tí ọ̀pá wọn wà, lẹ́nu ọ̀nà, ní ìwọ̀n tí ọwọ́ wọn á tó láìnara.

Tí ìgbàgbé bá ti ń dà wọ́n láàmú, ẹ ra méjì tó jọra gan-an, kó má ní okùn àgbọ̀n, kí ẹ sì fi bírò tí kì í parẹ́ kọ nọ́ńbà fóònù yín sí inú rẹ̀. Ẹ máa dé tiyín náà nígbà tí ẹ bá ń bá wọn jáde.

Ṣé ká máa fi omi rin akẹtẹ̀ kó lè tutù?

Nígbà ọyẹ́, ó ń ṣiṣẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ gbẹ, omi sì ń tètè fò lọ pẹ̀lú ooru. Ní Èkó nígbà tí ọ̀rinrin wà lójú ọ̀run, omi náà á kàn jókòó síbẹ̀, akẹtẹ̀ á wúwo ni. Òwú fẹ́lẹ́ tó tutù tún ń jẹ́ kí oòrùn wọlé sí i. Aṣọ tútù lọ́rùn sàn ju akẹtẹ̀ tútù lọ.

Tí wọ́n bá ti dé akẹtẹ̀ tó dára, ṣé ooru kò lè mú wọn mọ́?

Ó lè mú wọn dáadáa. Akẹtẹ̀ ń dènà oòrùn, kì í dènà ooru ara. Òǹgbẹ kì í tètè gbẹ àgbà bíi ti tẹ́lẹ̀, òógùn wọn náà sì ń dín kù. Kí wọ́n mu omi kí wọ́n tó jáde, kí wọ́n máa mu díẹ̀díẹ̀ láìdúró de òǹgbẹ, kí wọ́n sì sinmi lábẹ́ ibòòji. Ẹni tí dókítà ti fi gègé sí omi mímu rẹ̀ nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín, ìwọ̀n tí dókítà sọ ni kó tẹ̀ lé.

Orí fífọ́, òòyì, iṣan tó ń fà àti àárẹ̀ òjijì ni àmì àkọ́kọ́. Ẹ gbé wọn wọ ibòòji, ẹ bọ́ akẹtẹ̀, ẹ tú aṣọ ọrùn, ẹ fún wọn ní omi díẹ̀díẹ̀, ẹ máa fẹ́ wọn.

Tí ara bá gbóná janjan, tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́, tí wọn kò mọ ibi tí wọ́n wà tàbí tí wọ́n dákú, ẹ pe 112 ní Nàìjíríà, 999 ní Bìrìtìkó, 911 ní Amẹ́ríkà. Kí ọkọ̀ tó dé, ẹ máa da omi tútù sí ọrùn, abíyá àti ìpilẹ̀ itan wọn, kí ẹnì kan sì máa fẹ́ wọn. Ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ má fi omi sí i lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà èémí.